Tantra tí wọ́n ń tà lórí fóònù kọ́ ni Tantra

Ẹ̀yin Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú làálàá. Mo ka ohun tí ẹ gbé jáde lójú ìwé ìlera nípa yógà, mo kà á tán mo tún un kà, kò tẹ́ mi lọ́rùn rárá ni mo fi ní kí n kọ̀wé. Ẹni tó kọ ọ́ ní Tantra ni ọgbọ́n tí àwọn ará Íńdíà fi ń bára wọn sùn, ó ní yógà ni àbúrò ẹ̀, pé ẹni tó bá ti ń na apá na ẹsẹ̀ nínú kíláàsì yógà l'Ékòó ti wọ ilé òrìṣà láìmọ̀. Àwòrán tí wọ́n wá fi sí i, ère ọkùnrin àti obìnrin tó dì mọ́ra lára ògiri òkúta tẹ́ńpìlì ní Khajuraho, ní Íńdíà. Ó dáa. Mo fẹ́ bá òǹkọ̀wé yín fa ọ̀rọ̀ yìí díẹ̀, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má rò pé mo fẹ́ gbè sẹ́yìn àwọn tíṣà yógà tó máa ń sọ pé kò sí ẹ̀sìn kankan níbẹ̀, pé eré ìdárayá lásán ni, torí àwọn náà ò sọ òótọ́ tán.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ohun tí Tantra jẹ́. Awo ni. Ẹni tó bá gbọ́ ìyẹn ti gbọ́ ìdajì ọ̀rọ̀. Ìwé ni wọ́n ń fi orúkọ yẹn pè, ìwé tí wọ́n kọ lédè Sanskrit, ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ pé Shiva, òrìṣà ńlá kan lọ́dọ̀ àwọn Híńdù, ló ń sọ̀rọ̀ tí ìyàwó ẹ̀ ń bi í léèrè, òmíì sì wà tó jẹ́ ìyàwó ló ń kọ́ ọkọ. Ohun tó wà nínú ẹ̀ ni ẹni tó lè gbawo àti ẹni tí kò lè gbà á, bí gúrù, ìyẹn olùkọ́ awo, ṣe máa yẹ ẹni náà wò, ọ̀rọ̀ tó máa sọ sí i létí, bí wọ́n ṣe ń ya ilé òrìṣà sórí ilẹ̀ pẹ̀lú ìyẹ̀fun aláwọ̀ oríṣiríṣi, ìgbà tí wọ́n á da òróró síná, ohun tí òrìṣà kọ̀ọ̀kan ń jẹ. Ọ̀rọ̀ tí gúrù sọ séni létí yẹn ni wọ́n ń pè ní mantra, àwọn oní-Tantra ò gbà pé àdúrà tí èèyàn ń gbà sí òrìṣà ni o, wọ́n ní òrìṣà gan-an ni, òun fúnra ẹ̀ ló wà nínú ìró yẹn, ìdí nìyẹn tí ọ̀gbẹ̀rì ò fi gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ. Tí èèyàn bá ti gbà á, yóò máa fi ọwọ́ kan orí, àyà, èjìká, títí dé ẹsẹ̀, á máa pe mantra sí ibi kọ̀ọ̀kan, títí ara ẹ̀ á fi kúrò ní ara lásán tó máa di ara òrìṣà, torí wọ́n máa ń sọ pé ẹni tí kò bá tíì di Shiva kò lè bọ Shiva. Èyí máa ń gba wákàtí, ojoojúmọ́ ni, ó sì lè sú èèyàn. Ẹni tó bá ra ìwé Tantra torí kó lè mọ nǹkan tó máa ṣe ní yàrá, á kàwé títí, ìbọ ló máa bá níbẹ̀.

Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀? Kò sí ẹnì kan tí a lè tọ́ka sí pé òun ló dá a sílẹ̀. Òkúta kan wà ní Gangdhar ní Rajasthan, nǹkan bí ọdún 423 ni wọ́n gbẹ́ ọ̀rọ̀ sí i, ó sọ pé ìjòyè kan kọ́ ilé fún àwọn òrìṣà tí wọ́n ń pè ní Ìyá, ilé tó kún fún àwọn dakini, ìyẹn àwọn ẹ̀mí obìnrin, tó ń pariwo. Nínú àwọn ìwé Tantra ti Shiva, èyí tó pẹ́ jù tó ṣì wà lọ́wọ́ aráyé ni Nishvasa, àwọn ọ̀mọ̀wé fi í sí àárín ọdún 450 sí 550, ẹ̀dà ẹ̀ tí wọ́n kọ sórí ewé ọ̀pẹ ṣì wà ní Kathmandu ní Nẹ̀pàálì títí dòní. Láti ìgbà yẹn lọ, fún nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún, ìwé yìí ń bí ìwé ni.

Àwọn tó sún mọ́ ìpìlẹ̀ ẹ̀ ni àwọn aláàwẹ̀ Shiva kan tí wọ́n ń gbé níbi tí wọ́n ti ń sun òkú, tí wọ́n ń fi eérú para, tí wọ́n sì ń fi agbárí èèyàn ṣe igbá tí wọ́n fi ń ṣagbe. Kapalika lorúkọ wọn. Ìtàn tó wà nídìí agbárí yẹn ni pé Shiva bínú lọ́jọ́ kan, ó gé ọ̀kan nínú orí márààrún òrìṣà kan tó ń jẹ́ Brahma, agbárí ọ̀hún bá lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó gbọ̀n ọ́n gbọ̀n ọ́n kò já bọ́, torí Brahma ni bàbá àwọn àlùfáà, ẹni tó bá sì pa àlùfáà, ẹ̀ṣẹ̀ ẹ̀ ò ní òmíì tó jù ú lọ. Bí Shiva ṣe di alárìnkiri nìyẹn, tó ń fi agbárí ṣagbe kiri títí ẹ̀ṣẹ̀ fi kúrò lọ́rùn ẹ̀. Àwọn Kapalika ní tí ọ̀gá àwọn bá ṣe é, àwọn náà á ṣe é.

Kí ló dé tí èèyàn á fi fẹ́ gbé lọ́dọ̀ òkú? Ẹ gbọ́dọ̀ mọ irú àwùjọ tí wọ́n wà. Àwọn Brahmin, ìyẹn ìran àlùfáà, ti pín gbogbo ohun tó wà láyé sí mímọ́ àti àìmọ́, òkú ò mọ́, nǹkan oṣù obìnrin ò mọ́, ọtí ò mọ́, ẹni tó ń sun òkú àti ẹni tó ń ṣe awọ, àwọn àti ọmọ wọn àti ọmọ ọmọ wọn, kò sí èyí tó mọ́ nínú wọn. Àwọn oní-Tantra bá yí i sódì. Wọ́n ní gbogbo ohun tí ẹ ń sá fún yẹn, ibẹ̀ gan-an lagbára wà, ṣebí ẹ ní Shiva wà níbi gbogbo, ṣé kò wá sí nínú ọtí ni? Ṣé kò sí nínú ẹ̀jẹ̀? Ẹni tí ara ẹ̀ ṣì ń kọ ìkan nínú nǹkan wọ̀nyí, kò tíì rí i níbi gbogbo.

Ibẹ̀ ni nǹkan márùn-ún tí ẹnu ò sìn lára ẹ̀ ti wá: ọtí, ẹran, ẹja, ọkà yíyan, àti ìbálòpọ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, mẹ́ta àkọ́kọ́ yẹn, òde ọjọ́ Sátidé ni, kò sí ẹni tó máa ta gìrì. Ṣùgbọ́n ẹ ro ti Brahmin tí kò fẹnu kan ẹran rí láyé ẹ̀, tí wọ́n gbé ẹran àti ọtí síwájú ẹ̀ lóru, tí wọ́n ní kó jókòó jẹ ẹ́ pẹ̀lú obìnrin tó jẹ́ pé tí òjìji ẹ̀ bá kàn án lọ́sàn-án, ó máa lọ wẹ̀. Ìbẹ̀rù yẹn, àti bíborí ìbẹ̀rù yẹn, lohun tí wọ́n ń wá, wọn ò wá ìgbádùn o. Kódà, púpọ̀ nínú wọn ò ṣe é rí. Àwọn kan fi omi àgbọn rọ́pò ọtí, wọ́n fi atalẹ̀ rọ́pò ẹran, èyí tó kù wọ́n ṣe é lọ́kàn wọn. Àwọn míì sì wà tí nǹkan márùn-ún yẹn ò kàn wọ́n rárá, ìyẹn àwọn Shaiva Siddhanta tó wà ní ìhà gúúsù Íńdíà, ẹni tó bá dé tẹ́ńpìlì ńlá Shiva ní Tamil Nadu lónìí, bí wọ́n ṣe ń wẹ òrìṣà, bí wọ́n ṣe ń wọ̀ ọ́ láṣọ, bí wọ́n ṣe ń bọ́ ọ, inú irú ìwé yìí kan náà ni wọ́n ti rí i. Ìdílé ń gbé ọmọ kéékèèké lọ síbẹ̀ láàárọ̀. Tantra nìyẹn náà.

Nǹkan bí ọdún 1000, ọ̀mọ̀wé ńlá kan wà ní Kashmir, Abhinavagupta, ó kó gbogbo ẹ̀kọ́ àwọn oní-Tantra ìgbà ẹ̀ jọ sínú ìwé gbàǹgbà kan tí wọ́n ń pè ní Tantraloka. Orí 37 ló ní. Ẹ mọ iye tó dá lé ètùtù tí ìbálòpọ̀ wà nínú ẹ̀? Orí kan péré ni, ìyẹn orí kọkàndínlọ́gbọ̀n. Orí 36 tó kù, bí ayé ṣe jáde látinú ìmọ̀ Ọlọ́run ni, ohun tí ìró ohùn jẹ́ ni, ọ̀rọ̀ gúrù, ọ̀rọ̀ ikú, ọ̀rọ̀ oore-ọ̀fẹ́. Àwọn èèyàn wá gbé orí kan sá lọ, wọ́n fi gbogbo ìyókù sílẹ̀ nílẹ̀. Ohun tó ń dùn mí nìyẹn.

Lórí àwòrán Khajuraho yẹn náà, ẹ ò ṣèèṣì nìkan o, gbogbo ayé ló ń ṣe é. Àwọn ọba Chandela ló kọ́ tẹ́ńpìlì wọ̀nyẹn láàárín ọdún 950 sí 1050 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, ère tó wà lára wọn kò lóǹkà, àwọn ọmọ ogun wà níbẹ̀, erin, akọrin, obìnrin tó ń lé tìróò, àwọn tó ń bára wọn sùn kò pọ̀ tó bí kámẹ́rà ṣe ń fi hàn wá. Àwọn ọ̀mọ̀wé ṣì ń bára wọn jiyàn lórí ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Ilé míì wà ní Khajuraho kan náà tí àwọn arìnrìn-àjò kì í dúró wò, wọ́n fi granite kọ́ ọ, yàrá kéékèèké ló yí i ká, ojú sánmà ni òrùlé ẹ̀. Ilé àwọn yogini, ìyẹn àwọn òrìṣà obìnrin alágbára, ni, ó wà lára àwọn tó pẹ́ jù níbẹ̀, ibẹ̀ ni Tantra wà tí ẹ bá ń wá a. Tí ẹ bá sì fẹ́ èyí tí ère inú ẹ̀ ṣì wà, ó wà ní Hirapur lẹ́bàá Bhubaneswar ní Odisha, ó ṣe róbótó, kò tóbi, obìnrin 64 ló wà níbẹ̀, òmíì dúró lórí ẹranko, òmíì lórí orí èèyàn. Wọn ò fi òrùlé sí i torí wọ́n gbà pé fífò ni àwọn ìyá yẹn máa ń fò wá lóru, pé wọ́n ń gba ẹ̀jẹ̀, pé tínú wọn bá yọ́ síni wọ́n á fúnni lágbára, tí wọn ò bá yọ́ síni, wọ́n á jẹni ni. Ẹni tó bá mọ ọ̀rọ̀ àwọn ìyá wa ẹlẹ́yẹ nílẹ̀ yìí ti ń mi orí báyìí. Àwọn ọba fẹ́ràn wọn gan-an torí ogun, owó ọba ló sì gbé Tantra dìde ní ibi púpọ̀.

Kò dúró lọ́dọ̀ àwọn Híńdù nìkan. Àwọn ẹlẹ́sìn Búdà gbà á, wọ́n kọ tiwọn, ó gun òkè lọ sí Tíbẹ́ẹ̀tì, ó gba ojú òkun àti ilẹ̀ dé Ṣáínà. Ní ọdún 804, mọ́ńkì ará Jàpáàn kan tó ń jẹ́ Kukai wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Ṣáínà, ó gbawo níbẹ̀, ó padà sílé ní 806, ní 816 ọba fún un ní òkè Koya láti kọ́ ilé ẹ̀sìn sí, wọ́n ṣì ń dáná ètùtù níbẹ̀ títí dòní. Dalai Lama, olórí ẹ̀sìn Búdà ti Tíbẹ́ẹ̀tì tí gbogbo wa ń rí lórí tẹlifíṣọ̀n, ó ti ṣe ìgbàwọlé Kalachakra fún ogunlọ́gọ̀ èèyàn ní ìgbà tó ju 30 lọ, Tantra pátápátá sì ni Kalachakra. Mọ́ńkì ni Dalai Lama o, kò níyàwó, kò mọ obìnrin. Kí òǹkọ̀wé yín wá sọ fún mi ibi tí ọ̀rọ̀ ibùsùn ti wọ ìyẹn.

Ó wá ku yógà. Yógà ti wà kí Tantra tó dé, ìyẹn ni pé Tantra ò bí i, àbúrò Tantra sì kọ́. Ìwé yógà àtijọ́ tí wọ́n ní Patanjali kọ, nǹkan bí ọdún 400, ẹsẹ kéékèèké tó tó 195 ló ní, ohun tó ń bá jà níbẹ̀ ni ọkàn tí kò dúró sójú kan, ó fẹ́ kí ọkàn pa rọ́rọ́. Lórí ìjókòó, ohun tó sọ kò ju kí ó dúró ṣinṣin kí ó sì rọni lọ́rùn. Ó tán. Kò sí ìfẹsẹ̀sókè, kò sí ajá tó na ẹ̀yìn, kò sí ìkankan nínú gbogbo ohun tí ẹ ń rí nínú fídíò. Ti Patanjali, ara jẹ́ ẹrù tí èèyàn fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ ni.

Àwọn oní-Tantra ló yí ojú padà sí ara. Wọ́n ní gbogbo ohun tó wà lókè àti nísàlẹ̀ ló wà nínú ara èèyàn, pé iṣan ẹ̀mí wà nínú ẹ̀, pé ibùdó agbára wà lójú ọ̀nà ọ̀pá ẹ̀yìn, pé òrìṣà obìnrin kan ká jọ sí ìsàlẹ̀ ibẹ̀ tó ń sùn, tí wọ́n ń pè ní kundalini, tí wọ́n bá jí i, á gun òkè lọ bá ọkọ ẹ̀ lórí. Àwọn ibùdó yẹn ni chakra. Mo mọ̀ pé ẹ ti rí chakra méje lára àwòrán, pupa nísàlẹ̀, pọ́pù lókè, gbogbo àwọ̀ òṣùmàrè tò tẹ̀ léra. Iye wọn kì í ṣe ọ̀kan náà nínú àwọn ìwé àtijọ́ rárá, ìwé kan á ní márùn-ún, òmíì á ní mẹ́sàn-án, òmíì méjìlá, torí ohun tí wọ́n fẹ́ ni kí èèyàn rí ibi tó máa gbé mantra sí, wọn ò sọ pé àwọn la ara wò. Mẹ́fà pẹ̀lú èyí tó wà lókè orí wá gbajúmọ̀ látinú ìwé tí Purnananda kọ ní Bengal ní 1577, adájọ́ òyìnbó kan sì túmọ̀ ẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1919, John Woodroffe lorúkọ ẹ̀, ó ti jókòó nílé ẹjọ́ gíga Calcutta, orúkọ míì ló sì fi ń tẹ ìwé Tantra jáde, Arthur Avalon. Àwọ̀ òṣùmàrè yẹn ò sí nínú ìwé 1577, àwọn òyìnbó ló kùn ún lẹ́yìn náà.

Níbi tí Tantra àti yógà ti wá pàdé gan-an ni hatha yógà, òun ni bàbá èyí tí wọ́n ń ṣe lónìí. Ìwé àkọ́kọ́ tó sọ ẹ̀kọ́ rẹ̀ síta, Amritasiddhi, ìgbà tó lé díẹ̀ ní ọdún 1000 ló jáde, àárín àwọn oní-Tantra ẹlẹ́sìn Búdà ló sì ti wá. Lẹ́yìn ìyẹn ni ti àwọn Nath, ọmọlẹ́yìn Matsyendra àti Gorakhnath, Matsyendra ọ̀hún sì ni àwọn oní-Tantra náà ń kì gẹ́gẹ́ bíi bàbá wọn. Nǹkan bí ọdún 1450, Svatmarama kó gbogbo ẹ̀ jọ nínú Hathapradipika, ìjókòó 15 péré ló wà níbẹ̀, iṣẹ́ gidi wà níbi dídí èémí mọ́ inú, fífa ìdí sókè, fífi àgbọ̀n ti ọ̀fun, kí kundalini lè jí. Ẹ wá gbọ́ èyí tó máa pa yín lẹ́rìn-ín: ohun tí wọ́n ń lépa jù níbẹ̀ ni kí àtọ̀ má dà nù. Wọ́n gbà pé orí ni ohun ìyè wà, tó ń kán sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí èèyàn á fi gbó tó máa kú, ẹni tó bá lè tì í mọ́lé, ikú ò rí i gbé ṣe. Gbogbo akitiyan yẹn, kí ó má baà jáde ni! Òun làwọn kan wá ń fi tan tọkọtaya lónìí pé á jẹ́ kí wọ́n gbádùn ara wọn.

Àwọn Nath kì í ṣe ìtàn àtijọ́ o. Ẹni tó di olórí ìjọba Uttar Pradesh, ìpínlẹ̀ tí èèyàn pọ̀ sí jù ní Íńdíà, ní 2017, Yogi Adityanath, olórí ilé ẹ̀sìn Gorakhnath ní Gorakhpur ni, aṣọ osùn ló máa ń wọ̀ lọ sọ́fíìsì. Bí òṣèlú ṣe wọ̀ ọ́ jẹ́ ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn.

Ṣùgbọ́n nǹkan kan yí padà nígbà tí hatha gba ohun Tantra, èyí ló sì ṣe kókó jù sí ẹjọ́ tí òǹkọ̀wé yín gbé wá. Tantra ní o gbọ́dọ̀ gbawo, o gbọ́dọ̀ ní gúrù, o gbọ́dọ̀ bọ òrìṣà. Àwọn hatha sọ púpọ̀ nínú ìyẹn kalẹ̀. Ìwé kan lára tiwọn tó ti wà ṣáájú Svatmarama sọ ọ́ kedere pé ì báà jẹ́ Brahmin, ì báà jẹ́ ẹlẹ́sìn Búdà, ì báà jẹ́ Jain, ì báà jẹ́ Kapalika, àní ì báà jẹ́ ẹni tí kò gba ohunkóhun gbọ́ ju ohun tó fojú rí, tó bá ṣáà ti ń ṣe é déédéé, á rí i gbà. Ìyẹn ni pé ìbéèrè tí à ń bi ara wa l'Ékòó, pé ṣé ẹlẹ́sìn míì lè ṣe yógà, wọ́n ti bi í ní Íńdíà ní nǹkan bí 700 ọdún sẹ́yìn, wọ́n sì ti fèsì. Ẹni tí ìdáhùn náà ò bá tẹ́ lọ́rùn, ó lẹ́tọ̀ọ́. Tí Kristẹni bá ní òun ò ní pe "om" lẹ́nu òun, ó mọ ohun tó ń ṣe, torí mantra ni, mo sì ti sọ ohun tí mantra jẹ́. Tíṣà tó bá ní ìró lásán ni, ó ń fẹ́ owó kíláàsì.

Ti nínà apá nínà ẹsẹ̀, ọmọ àná ni. Nígbà tí Vivekananda, mọ́ńkì Híńdù kan, lọ sí Chicago ní 1893 láti lọ ṣàlàyé ẹ̀sìn Íńdíà, kò ka ìjókòó hatha sí nǹkan kan. Ní àwọn ọdún 1930, ọba Mysore ní Íńdíà fún olùkọ́ yógà kan, Krishnamacharya, ní yàrá kan láàfin kó máa kọ́ àwọn ọmọkùnrin, ibẹ̀ ló ti da hatha pọ̀ mọ́ eré ìdárayá ìgbà náà, ó ń mú wọn látorí ìjókòó kan bọ́ sórí òmíì láìdúró. Pattabhi Jois jáde níbẹ̀, Iyengar tó jẹ́ àbúrò ìyàwó Krishnamacharya jáde níbẹ̀, obìnrin kan tí wọ́n bí ní Riga, Indra Devi, náà jáde níbẹ̀, òun ló gbé e dé Hollywood lápá ìparí àwọn ọdún 1940. Láti ibẹ̀ ló ti dé ọ̀dọ̀ yín ní Lekki. Ní Disẹ́ńbà 2014, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ya June 21 sọ́tọ̀ fún un, ìjọba Íńdíà sì ń náwó sí i káàkiri ayé, ẹ ò ní gbọ́ kí wọ́n dárúkọ Tantra níbẹ̀ rárá.

Ta ló wá sọ Tantra di ọ̀rọ̀ ibùsùn? Ọwọ́ méjì ló ṣe é. Àwọn òyìnbó míṣọ́nárì kọ́kọ́ dé, wọ́n rí òrìṣà obìnrin kan, Kali, tó yọ ahọ́n, tó fi orí òkú ṣe ẹ̀gbà ọrùn, wọ́n gbọ́ pé àwọn kan ń mutí lóru pẹ̀lú obìnrin níwájú ẹ̀, wọ́n kọ ọ́ ránṣẹ́ sílé pé ẹ̀sìn ìṣekúṣe nìyí. Lẹ́yìn náà làwọn ará Amẹ́ríkà ka ohun kan náà, wọ́n ní ẹ ò wa rí i, èyí dáa! Pierre Bernard dá ẹgbẹ́ Tantra sílẹ̀ níbẹ̀, ọlọ́pàá New York mú un ní 1910 lórí ẹ̀sùn pé ó jí ọmọbìnrin gbé, ẹjọ́ ọ̀hún ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ nígbẹ̀yìn, ṣùgbọ́n ìwé ìròyìn ti jẹ àjẹyó, àwọn ọlọ́rọ̀ sì ṣì ń wá a. Ní 1974 gúrù kan tó ń jẹ́ Rajneesh ṣí ibùdó ẹ̀ ní Pune ní Íńdíà, òyìnbó ló kún ibẹ̀, ó ní kí wọ́n má bẹ̀rù ara wọn, ó pè é ní Tantra. Ohun tó wà lórí Instagram lónìí, tí wọ́n ní kí ọkọ àti ìyàwó jókòó kọjú síra wọn kí wọ́n máa mí pọ̀, àtọmọdọ́mọ ibẹ̀ ni. Ó lè ṣe yín láǹfààní o, èmi ò mọ̀, mi ò sì ní dá tọkọtaya lẹ́kun mímí.

Ní Íńdíà gan-an, ojú míì ni wọ́n fi ń wò ó. Nígbà tí mo wà ní London mo bá obìnrin ará Bengal kan ṣiṣẹ́, ẹni tó ń bọ Kali ni, ẹni jẹ́jẹ́. Mo ní, "Àǹtí, ẹ̀yin lẹ ni Tantra." Ó bojú wẹ̀yìn kó tó dá mi lóhùn. Lọ́dọ̀ wọn, ẹni tí wọ́n bá pè ní tantrik ni ẹni tó ń ṣe oògùn, tó ń di èèyàn, tó ń mú ọkọ tó sá lọ padà wálé, ìpolówó wọn máa ń wà lára ògiri àti nínú ọkọ̀ ojú irin. Èèyàn máa ń lọ sọ́dọ̀ wọn lóru, á ní òun ò lọ. Àmọ́ obìnrin yìí kan náà ló ń sọ fún mi nípa Kamakhya ní Guwahati, lórí òkè, tẹ́ńpìlì tí kò ní ère nínú àgbàlá ẹ̀ tó jinlẹ̀ jù, òkúta tó ní ojú omi ló wà níbẹ̀, ojú ara òrìṣà obìnrin ni wọ́n gbà pé ó jẹ́. Lọ́dọọdún, nínú oṣù June, wọ́n máa ń ti ibẹ̀ pa fún ọjọ́ mẹ́ta torí òrìṣà ń ṣe nǹkan oṣù, ọ̀kẹ́ àìmọye èèyàn á dúró síta, àwọn aláàwẹ̀ á ti ibi gbogbo wá, tí ilẹ̀kùn bá ṣí wọ́n á gba aṣọ pupa lọ sílé. Ní orílẹ̀-èdè tí wọ́n ṣì ń lé obìnrin kúrò ní ilé ìdáná torí nǹkan oṣù! Ìyẹn ni Tantra lójú tèmi ju gbogbo ìwé lọ.

Àwa náà ò sì jìnnà sí i bí a ṣe rò. Àwọn bàbá kan nílẹ̀ yìí máa ń kọ lẹ́tà sí Íńdíà láyé òyìnbó, wọ́n ń ra òrùka àti tálísímáànì láti ilé ìfìwéránṣẹ́, àwọn míì ń ra tiwọn ní Chicago lọ́dọ̀ òyìnbó tó ń pe ọjà ẹ̀ ní idán Íńdíà. Àwòrán Mami Wata tó di ejò mú, Jámánì ni wọ́n ti kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́, ní 1955 wọ́n tún un tẹ̀ ní Bombay fún àwọn oníṣòwò Gánà, nígbà tó yá àwọn tó ń bọ ọ́ ní Tógò àti Bìnì Olómìnira gbé àwòrán òrìṣà Híńdù sójúbọ pẹ̀lú ẹ̀. Láti ìgbà yẹn la ti ń ra Íńdíà tí ẹlòmíì dì fún wa nínú páálí.

Torí náà, ẹ̀yin Olóòtú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tẹ èyí sójú ìwé kan náà tí tàkọ́kọ́ wà. Àwọn tó ń ka ìwé yín, tí ẹnikẹ́ni bá ní kí wọ́n wá kọ́ Tantra ní òpin ọ̀sẹ̀ ní hòtẹ́ẹ̀lì kan, kí wọ́n bi í nǹkan mẹ́ta kí wọ́n tó sanwó: ta ni gúrù tó fi awo náà lé e lọ́wọ́, òrìṣà wo ni wọ́n ń bọ nínú ẹ̀, mantra wo ni wọ́n fún un. Tó bá dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ̀sìn ẹlẹ́sìn lẹ fẹ́ wọ̀ yẹn, kí Kristẹni àti Mùsùlùmí mọ̀ kí wọ́n tó wọlé. Tó bá ní kò nílò gbogbo ìyẹn, a jẹ́ pé ti Amẹ́ríkà ló wà lọ́wọ́ ẹ̀, kí wọ́n dúnàá dúráá.

Èmi ni tiyín,
Ọ̀kan nínú àwọn òǹkàwé yín n'Íbàdàn